Mo fẹ́ idà tó ń pe àrá nínú Minecraft: ṣé dandan ni kí n kọ́kọ́ kọ́ Java?

Akọ́bẹ̀rẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mi ò kọ kóòdù rí. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá: idà tó jẹ́ pé bí mo bá fi ṣá zombie, kí àrá sán lù ú lójú ẹsẹ̀. Mo rí fídíò kan tí wọ́n ti ń fi Java, èdè kóòdù kan, kọ mod, ìyẹn àfikún fún géèmù, mo sì ń dà á kọ, lẹ́tà sí lẹ́tà. Lọ́wọ́ ẹni tó ṣe fídíò, ó ṣiṣẹ́. Lọ́wọ́ tèmi, ìlà pupa ló kún ojú kọ̀ǹpútà, “cannot find symbol” lórí “cannot find symbol”. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n pa géèmù tì ná, kí n lọ kọ́ Java dáadáa. Òmíràn ní Python ló rọrùn jù. Ẹ̀kẹta ní Lua. Ọ̀rọ̀ wọn ti pọ̀ jù fún mi. Èwo ni kí n mú níbẹ̀?

Ojúlarí:
Kí ẹnikẹ́ni tó dá ọ lóhùn, ṣé orí fóònù lo ti ń gbá a ni àbí orí kọ̀ǹpútà? Ẹ̀dà wo sì ni? Mo ń béèrè nítorí pé Bedrock, èyí tó wà lórí fóònù, kì í gba mod tí wọ́n fi Java kọ, kò sí ọgbọ́n tí èèyàn lè dá sí i. Add-on ni tiẹ̀, JSON, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń to ìwífún sí, àti JavaScript ni wọ́n fi ń ṣe é.

Akọ́bẹ̀rẹ̀:
Kọ̀ǹpútà ni, Java Edition 1.21.1. Fídíò yẹn ń lo Forge, ètò tó ń gbé mod wọ inú géèmù, lórí 1.16.

Alágbẹ̀dẹ:
Hẹn-ẹn, a ti rí i. Kóòdù inú fídíò kò ní àrùn kankan, géèmù ló ti kó kúrò níbi tí kóòdù náà ti ń wá a. Mod Java máa ń tọwọ́ bọ ìfun géèmù, ìfun ọ̀hún sì ń yí padà láti ẹ̀dà dé ẹ̀dà. Àní orúkọ àwọn nǹkan inú rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ọdún 2019 ni Mojang, ilé iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ ń lò síta. Forge àtijọ́ ní orúkọ tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo Fabric, ètò mìíràn bíi Forge, ní 1.21.1 sì ń lo ti Yarn. Fídíò méjì lè máa sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dà kan náà kí wọ́n máa pe ohun kan náà lórúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. “Cannot find symbol” kò sọ ju pé ẹni tí o pè, kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí.

Ṣùgbọ́n ohun tí o ń wá yìí kò dé ọ̀dọ̀ Java rárá. Láti 1.13, lọ́dún 2018, ni géèmù ti ń gba data pack. Fáìlì lásán ni, Notepad tó o. Nígbà tí 1.21 wá dé lọ́dún 2024, enchantment, ìyẹn agbára idán tí a ń fi sára ohun ìjà, náà di fáìlì JSON. Channeling, tó ń jẹ́ kí trident, ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta, pe àrá, ti di ohun tí ìwọ náà lè ṣí kí o kà.

Wọ .minecraft/versions/1.21.1, wàá bá 1.21.1.jar níbẹ̀. Zip ni, orúkọ ló yàtọ̀. Má ṣí ojúlówó. Dà á kọ síbòmíràn, ṣí èyí tí o dà kọ, kí o sì mú channeling.json jáde láti data/minecraft/enchantment. Kà á tán kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìwọ tí o ní o kò mọ kóòdù, ẹnu á yà ọ́ bí o bá rí i pé ó yé ọ. Ibi tí wọ́n ti kọ summon_entity àti lightning_bolt, àrá nìyẹn. Requirements ni àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ kí àrá tó sán: kí òjò àrá máa rọ̀, kí ohun tí o lù wà ní gbangba, kí ó jẹ́ trident ló bà á. Yọ ti òjò, yọ ti trident. Ibi tó kọ #minecraft:enchantable/trident, sọ trident ibẹ̀ di sword. Hit_block jẹ́ ti ìgbà tí trident bá ba lightning rod, irin tó ń fa àrá, kò kàn ọ́, ju gbogbo rẹ̀ nù.

Ó kù ibi tí wàá kó o sí. Nínú .minecraft/saves, wọ fódà ayé tí o ń gbá, wàá rí datapacks. Dá fódà kan síbẹ̀, jẹ́ ká pè é ní idaara. Fi pack.mcmeta, fáìlì tó ń fi pack náà han géèmù, sínú rẹ̀, pack_format 48 ni ti 1.21.1. Lẹ́yìn náà, data/idaara/enchantment/ara.json. Ṣọ́ra fún ìwé àtijọ́ tó bá ní kí o kọ functions tàbí recipes: 1.21 ti yọ “s” kúrò lẹ́yìn wọn, géèmù kò sì ní bá ọ wí, yóò kàn ṣe bí ẹni tí kò rí fódà rẹ.

Orúkọ fáìlì àti ti fódà, lẹ́tà kékeré nìkan, láìsí àmì ohùn, láìsí àlàfo. Inú description ni kí o ti kọ “Àrá” pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé pérépéré, bó ṣe máa hàn lára idà nìyẹn. Kí o sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Windows kò fi .txt pamọ́ sẹ́yìn orúkọ; ara.json.txt kì í ṣe ara.json.

Ọ̀gá Jáfá:
Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí rò pé òun ti ń kọ kóòdù. Àtúntò ni JSON. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ẹ̀rọ tó ń lọ irin fúnra rẹ̀, tàbí ẹranko tuntun tó ní ìwà tirẹ̀, yóò padà wá bá Java. Kí ló dé tí kò fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀?

Kì í ṣe pé kí ó lọ jókòó ti Java fún oṣù mẹ́fà o, ìyẹn ni mi ò fara mọ́. Kí ó mọ ohun tí variable jẹ́, if, method, class àti list, ó tó ná. Kí ó fi Java 21 sórí ẹ̀rọ, nítorí láti 1.20.5 ni géèmù ti ń béèrè rẹ̀. Kí ó yan Fabric tàbí NeoForge, èyí tó yà kúrò lára Forge ní 2023, kí ó gba template, ìpìlẹ̀ mod òfìfo tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, tó jẹ́ ti 1.21.1 gẹ́lẹ́, kí ó sì jẹ́ kí géèmù ṣí pẹ̀lú rẹ̀ kí ó tó yí ìlà kan ṣoṣo. Ẹni tí template òfìfo kò bá tíì ṣí fún, kò tíì sí ohun tó ń dà kọ.

Alágbẹ̀dẹ:
Ọ̀gá, kò burú. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó rí àrá tirẹ̀ kó sán ná. Ẹni tí nǹkan ti ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ kò ní tètè lé e sá.

Ẹyẹlé:
Ti Python àti Lua yẹn, gbàgbé ẹ̀. Kì í ṣe ìwọ lo ń yan èdè, géèmù ló ń yàn án fún ọ. Luau ni Roblox ń sọ, Lua ni Factorio. Terraria ń gba C# nípasẹ̀ tModLoader. Stardew Valley ń gba JSON nípasẹ̀ Content Patcher, bí o bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, C#. Èyí tó rọrùn jù kò wúlò bí géèmù rẹ kò bá gbọ́ ọ.

Má-gbàgbé-mi:
Ṣé kí ó má kàn ní kí AI bá òun kọ gbogbo ẹ̀ ni? Wákàtí kan, ó ti parí.

Ojúlarí:
Yóò kọ ọ́ lóòótọ́. Yóò sì po 1.16, 1.20 àti 1.21 pọ̀ mọ́ra nínú fáìlì kan, pẹ̀lú ìdánilójú. Àpẹẹrẹ kan: kí 1.20.5 tó dé, “item” ni èèyàn ń kọ sínú result recipe, ìyẹn ohun tí ìlànà ṣíṣe nǹkan ń mú jáde; láti ìgbà yẹn, “id” ni. Akọ́bẹ̀rẹ̀ kò lè mọ èyí tí wọ́n kó fún un. Kí ó lò ó láti bi í pé kí ni ìlà yìí ń ṣe. Kí ó má lò ó dípò kíkà.

Akọ́bẹ̀rẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ṣe é báyìí. /datapack list fi idaara hàn. Mo tẹ /reload, kò bínú. Ṣùgbọ́n tí mo bá di idà mú tí mo tẹ /enchant @s idaara:ara, ó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ:
/reload kì í dé ọ̀dọ̀ enchantment. Recipe àti function ló ń tún kà. Jáde kúrò nínú ayé náà pátápátá, kí o tún wọlé. Kó tó di pé o ṣe bẹ́ẹ̀, da fódà ayé rẹ kọ síbòmíràn. Bí kọ́mà kan bá sọnù nínú JSON yẹn, ayé náà lè kọ̀ láti ṣí, yóò wá máa bi ọ́ bóyá kí òun ṣí i ní safe mode. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, má bẹ̀rẹ̀ sí í pa nǹkan rẹ́, ṣí logs/latest.log, wá orúkọ ara.json níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ máa wà nítòsí.

Akọ́bẹ̀rẹ̀:
Ó SÁN! Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ó sán! Ṣùgbọ́n ó ń sán lu èmi náà, iná sì ń jó mi. Mo ṣèèṣì ṣá ará abúlé kan, ó di àjẹ́.

Ẹyẹlé:
😂😂 Má lọ sí tòsí ẹlẹ́dẹ̀ o.

Ọ̀gá Jáfá:
Bí àrá Minecraft ṣe ń ṣe nìyẹn, kò mọ olówó rẹ̀. Ohun tó bá wà nítòsí ibi tó bọ́ sí ló ń lù. Dín iye ìgbà tó ń sán kù: nínú requirements, níbi tí o ti yọ òjò, fi condition tuntun kan sí i tó ń jẹ́ minecraft:random_chance, kí chance rẹ̀ jẹ́ 0.2. Nínú ìṣá márùn-ún, bí ẹ̀ẹ̀kan ni yóò máa sán. Mu potion tí kì í jẹ́ kí iná jó èèyàn kí o tó jáde lọ jà, àmọ́ mọ̀ pé iná nìkan ló ń dá dúró, àrá fúnra rẹ̀ á ṣì ká ọ mọ́. Tí o bá wá fẹ́ ẹ̀rọ tàbí ẹranko tuntun tí mo sọ yẹn, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ Java. Mo wà níbí.

Akọ́bẹ̀rẹ̀:
Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Template ti Fabric ni kí n gbà ni àbí ti NeoForge?

Ọ̀gá Jáfá:
Ti Fabric. Ó fúyẹ́ jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. 1.21.1 o, má lọ mú èyí tó dé kẹ́yìn.