Ṣé dandan ni kí n máa pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́dọ̀ àwọn tó ta mọ́tò fún mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa mọ́tò. Owó tí àwọn tó ta mọ́tò fún mi ń gbà láti pààrọ̀ ọ́ìlì synthetic (ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ìmọ̀ kẹ́míkà ṣe) ti ju agbára mi lọ. Mo yẹ rìsíìtì wọn wò: ọ́ìlì 0W-20 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki sí), fíltà, owó iṣẹ́, àti "àwọn nǹkan mìíràn" tẹ́nikẹ́ni ò ṣàlàyé. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ṣùgbọ́n wáráǹtì mọ́tò náà (ìlérí pé wọ́n á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún àkókò kan) ò tíì tán, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí ẹ́ńjìnnì bá yọnu, wọn ò ní dá mi lóhùn. Tí mo bá fúnra mi ra irú ọ́ìlì tí ìwé mọ́tò sọ, tí mẹkáníìkì mìíràn bá mi pààrọ̀ ẹ̀, tí mo sì tọ́jú rìsíìtì, tí mo kọ iye kìlómítà sí i, ṣé ìyẹn tó? Ta ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.