Ọ́fíìsì Ifẹ̀ àti ti Iléṣà ń lo nọ́ńbà nẹ́tíwọ̀kì 192.168.1.x kan náà: báwo la ṣe máa so wọ́n pọ̀?

akọ̀wé_Ìrèmọ
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ilé iṣẹ́ wa ní Ìrèmọ, Ifẹ̀, ti ra òmíràn ní Òkèṣà, Iléṣà. Kọ̀ǹpútà 60 ló wà lọ́dọ̀ wa, 35 lọ́dọ̀ wọn. 192.168.1.0/24, ìyẹn gbogbo nọ́ńbà 192.168.1.x, ni ibi méjèèjì ń lò, oníkálukú ló sì ní Active Directory (ètò tó ń darí orúkọ àti password òṣìṣẹ́) tirẹ̀ lórí Windows Server. Íntánẹ́ẹ̀tì tiwa ní àdírẹ́ẹ̀sì tí kì í yí padà. Ráútà 4G ni tiwọn. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ará Iléṣà máa lo sọ́fítíwìà ìṣirò owó tó wà lórí server wa. Ṣé ká lo NAT (kí ráútà máa pààrọ̀ nọ́ńbà lójú ọ̀nà) ni, àbí ká yí nọ́ńbà padà? Ẹnìkan tún ní ká fi rédíò so ìlú méjèèjì.

ọmọ_Ọbòkun
Ẹ yí ti Iléṣà padà, òun ló kéré. NAT oní-1:1 (nọ́ńbà kan fún nọ́ńbà kan) á gbé sọ́fítíwìà owó nìkan, kò ní gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí ni pé DNS, tó ń sọ nọ́ńbà tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ní, á ṣì máa dárúkọ 192.168.1.10 fún ẹni tó bá ń wá server Ifẹ̀. Kọ̀ǹpútà Iléṣà á wá a nínú ilé tirẹ̀, ó sì lè jẹ́ printer ló máa bá níbẹ̀. Active Directory kì í bá NAT rẹ́ rárá, Microsoft fúnra wọn ò dámọ̀ràn rẹ̀.

Ẹ fún Iléṣà ní 10.20.10.0/24 fún òṣìṣẹ́, 10.20.20.0/24 fún printer, 10.20.30.0/24 fún kámẹ́rà. Ẹ kọ́kọ́ dín àkókò DHCP (ètò tó ń yá kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà) kù sí wákàtí kan, ó kéré tán ọjọ́ 8 ṣáájú ọjọ́ ìyípadà. Ọjọ́ 8 ni Windows Server máa ń fúnni bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án, kọ̀ǹpútà tí wọn ò pa kì í sì í padà wá béèrè àfi tí ìdajì rẹ̀ bá kọjá. Ẹni tó bá dín in kù lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nọ́ńbà àtijọ́ ló lè ṣì máa bá kiri lọ́jọ́ Ajé. Ẹ jẹ́ kí ráútà gbé nọ́ńbà tuntun àti ti àtijọ́ pọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀.

Ibi tó máa ń dùn wá kì í ṣe kọ̀ǹpútà, àwọn ohun tí wọ́n fọwọ́ kọ nọ́ńbà sí ni: printer, kámẹ́rà, ẹ̀rọ tí òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ka sí, àti shortcut tó ń pe \\192.168.1.10. Ẹ lọ káàkiri kẹ́ ẹ kọ gbogbo wọn sílẹ̀. Nínú shortcut, orúkọ server ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má kọ nọ́ńbà mọ́.

òpó_gíga
Ẹ fi rédíò sílẹ̀. Ó tó 30 km. Lórí 5.8 GHz, ní àárín ọ̀nà, bí ayé ṣe rí róbótó nìkan ti jẹ 13 m, ìgbì rédíò sì tún ń fẹ́ nǹkan bíi 12 m tó mọ́. Ìyẹn ni 25 m lókè igi àti òkè tó wà níbẹ̀. Ta ló fẹ́ sanwó òpó yẹn?

VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) ni kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì tí 4G fún ráútà Iléṣà: bó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, ẹnikẹ́ni ò lè pè é láti ìta, Iléṣà ló gbọ́dọ̀ máa pe Ifẹ̀. Bó bá jẹ́ VPN IPsec, ẹ ṣí port (nọ́ńbà ọ̀nà ìwọlé) UDP 500 àti 4500 ní Ifẹ̀. Bí ping (ìdánwò ọ̀nà) bá ń lọ ṣùgbọ́n tí fáìlì kọ̀ tí kò ṣí, ẹrù ló tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ: ẹ fi MSS, ìwọ̀n ẹrù kọ̀ọ̀kan, sí báìtì 1360 lórí ráútà méjèèjì.

akọ̀wé_Ìrèmọ
Ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ OFFICE ni wọ́n pe domain, ìyẹn orúkọ Active Directory, lọ́dọ̀ wa, OFFICE náà ni lọ́dọ̀ wọn.

ọmọ_Ọbòkun
Háà! Trust, kí domain méjì gba òṣìṣẹ́ ara wọn, ò ní ṣeé ṣe láàárín wọn nìyẹn. Orúkọ kúkúrú (NetBIOS) kan náà ò gbà á. Kọ̀ǹpútà 35 ò pọ̀ jù, ẹ fọwọ́ ṣe é. Ẹ dá àkáǹtì wọn sílẹ̀ ní domain Ifẹ̀, ẹ yọ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan kúrò ní ti àtijọ́, kẹ́ ẹ wá fi í sí tuntun. Profáìlì òfìfo ló máa ṣí, torí náà ẹ ti kó Desktop àti Documents pamọ́ ṣáájú. Lẹ́yìn náà, ẹ tún server Iléṣà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kó di domain controller (server tó ń darí domain) kejì, kí iná tó bá lọ ní Ifẹ̀ má bàa dá DNS wọn dúró.

Ẹ ṣọ́ aago o. Bó bá fi ju ìṣẹ́jú 5 yàtọ̀ sí ti server, Kerberos, tó ń yẹ ìwọlé wò, ò ní gbà á wọlé. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, bátìrì CR2032 tó ti kú nínú kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń fà á.

òpó_gíga
Lórí firewall (ẹ̀ṣọ́ tó ń yan ohun tó lè kọjá), ẹ má ṣí gbogbo port. Ẹ ṣí port 53, 88, 389 àti 445 lọ sọ́dọ̀ domain controller nìkan, pẹ̀lú àwọn port RPC (tí Windows fi ń pe iṣẹ́ lórí server) tó bá béèrè. Ẹ ṣí 1433 bó bá jẹ́ SQL Server (ibi ìpamọ́ dátà) ló wà nídìí sọ́fítíwìà owó yẹn. Ẹ ti 3389 (ti Remote Desktop) pa. Kẹ́ ẹ sì yí password ráútà Iléṣà padà kí VPN tó dìde, torí ẹni tó kúrò níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá lè ṣì mọ̀ ọ́n.