Kí la fẹ́ pe ẹ̀sípẹ́rímẹ́ǹtì fún ọmọ ọdún mẹ́jọ?

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Láti Mọ́ńdè ni mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń kọ, mi ò dá sí i torí iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ráyè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, Pírámárì Mẹ́ta ni mò ń kọ́ ní Òṣogbo níbí, ọmọ méjìlélógójì, kí Ọlọ́run ṣàánú fún mi. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: Bàbá wa ará Ìbàdàn ló béèrè pé kí la máa pe ẹ̀sípẹ́rímẹ́ǹtì ní Yorùbá (ìyẹn kéèyàn ṣe nǹkan kó lè rí ohun tó máa jáde níbẹ̀) nínú ìwé sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ pírámárì, àǹtí wa tó wà ní London ní ìdánwò ti wà nílẹ̀ tipẹ́, kí la tún ń wá kiri, Bàbá ní rárá o, ká pè é ní àṣewò, ni ẹnì kan bá tún já lù ú pé kúríọ́sítì gan-an, ìyẹn kéèyàn máa fẹ́ mọ̀dí nǹkan, ńkọ́, ṣé ojúmìító la fẹ́ máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni?

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti ìdánwò. Àǹtí, ẹ má bínú o, òótọ́ lẹ sọ, dán wò ló bí i, èèyàn á dán nǹkan wò kó lè mọ bó ṣe rí, ìtumọ̀ ẹ̀ ò lẹ́bi. Ilé ìwé ló ti gbà á lọ́wọ́ wa. Ní táàmù tó kọjá mo kó àwọn ọmọ mi lọ sẹ́yìn kíláàsì, mo ní "lónìí a máa ṣe ìdánwò kékeré kan." Ẹ wá wo ojú wọn! Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pariwo bí ẹyẹ ẹ̀gà, gbogbo wọn dákẹ́ wẹ́lo, ọ̀kan bi mí pé "Tíṣà, ṣé ká mú bírò?", òmíì ní òun ò tíì kàwé. Lójú ọmọdé, ìdánwò ni ibi tí wọ́n ti ń gba òdo, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tíṣà ti mọ̀ ọ́n, ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ló ń ṣọ́. Ohun tí mo sì fẹ́ ká jọ ṣe rèé, èmi fúnra mi ò mọ ohun tó máa jáde níbẹ̀.

Ẹni tó ní ká lo àyẹ̀wò, ọsibítù ti gba ìyẹn náà, ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ló máa wá sọ́kàn ẹni. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Àṣewò wá ńkọ́. Bàbá, ọ̀rọ̀ yẹn dáa, ẹ ò parọ́, ṣe é wò, ó dùn létí, ọmọdé á gbọ́ ọ láìṣàlàyé. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń fi àmì sọ́rọ̀ tá a bá wà lórí fóònù? Ẹ yọ àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ kúrò lára àṣewò, kẹ́ ẹ wá ka ohun tó ṣẹ́ kù. Ẹ wá ro mẹ́sẹ́ẹ̀jì tí màá fi sórí WhatsApp àwọn òbí, pé lọ́la gbogbo ọmọ Pírámárì Mẹ́ta máa ṣe... Ọlọ́run májẹ̀ẹ́! Ọ̀gá ilé ìwé wa ò ní dúró gbọ́ àlàyé kankan lórí àmì ohùn. Mo mọ̀ pé Bàbá máa sọ pé ẹ̀bi àwa tá ò kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ nìyẹn, wọ́n gba ibẹ̀, àmọ́ èmi ni wọ́n máa fún ní kúérì, kì í ṣe wọ́n.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù ni ti kúríọ́sítì. Ẹ ti kíyè sí i pé ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tá a ní fún ọmọ tó ń fẹ́ mọ̀dí nǹkan, ìgbájú wà nídìí ẹ̀? Ojúmìító. Àtojúbọ̀. "Ọmọ yìí, ẹnu ẹ ti pọ̀ jù." Ìyá mi máa ń sọ ọ́ fún mi tí mo bá ń béèrè ìdí tí ọṣẹ dúdú fi ń hó ju tòyìnbó lọ tàbí ìdí tí òjìji mi fi kúrú lọ́sàn-án (mi ò tíì rí ìdáhùn ti ọṣẹ yẹn gbà dòní). Ẹ sì fetí sí ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀ o, ojúmìító, ojú mi í tó, kí ojú mi ṣáà tó o, kí èmi náà rí i. Àbí kí ni onísáyẹ́ǹsì ń ṣe? Ìkòkò ọbẹ̀ ẹlòmíì tí wọ́n ní ó ń yọjú sí ló bà á lórúkọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti bàjẹ́ dé ibẹ̀ yẹn, mi ò rò pé àwa mélòó kan níbí lè fọ̀ ọ́ mọ́. Ìtọpinpin lèmi fara mọ́. Tọ pinpin, bí ọdẹ ṣe ń tọ ipasẹ̀ ẹran, èèyàn ń tẹ̀ lé nǹkan díẹ̀díẹ̀ títí dé ibi tó fẹyìn tì. Kò sí èébú nínú ẹ̀. Ìwádìí náà dáa, wá ìdí, kẹ́ ẹ ṣáà rántí pé ọlọ́pàá náà ń lò ó.

Ní báyìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ṣé ẹ rántí kúlúsọ? Kòkòrò kékeré tó ń fẹ̀yìn rìn, tó máa ń gbẹ́ ihò sínú iyanrìn gbígbẹ lábẹ́ òrùlé, ihò tó rí bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo, níbi tí òjò kì í dé, tí èèrà bá wá yọ̀ sínú ẹ̀ á máa da iyanrìn lù ú láti ìsàlẹ̀ títí èèrà á fi já bọ́ sí i lẹ́nu. A ti fi ṣeré nígbà tá a wà lọ́mọdé, à ń fi koríko ro ihò ẹ̀. (Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ ronú kàn án o, ètò ìkọ́ni sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní African Primary Science Program láyé 1960 síwájú ti fi kúlúsọ kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà.) Mo wá bi wọ́n pé tá a bá rọ omi síyanrìn yìí, ṣé á ṣì gbẹ́ ihò? Kíláàsì pín sí méjì. Ọ̀kan ní á gbẹ́ ẹ, torí iyanrìn tútù kì í ya lulẹ̀, ẹ wo bá a ṣe ń fi mọ ilé. Òmíì ní kò ní lè gbẹ́ ẹ torí á wúwo, kò ní lè gbé e jù. Ẹ jọ̀ọ́, àbá nìyẹn, àbúrò wa tó ní ìjẹta ní ká máa pe haipọ́tẹ́sìsì (ohun téèyàn rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ kó tó ṣe é wò) ní àbá gbà á gan-an, ká lo àbá, ká má wá òmíì. Ọmọ dá àbá, ó sì sọ ìdí ẹ̀. Ó fara jọ àlọ́ àpamọ̀ díẹ̀, òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́, tí kálukú á máa ro ohun tó lè jẹ́, àmọ́ ti àlọ́, ẹni tó pa á ló ní ìdáhùn, ti kúlúsọ, kúlúsọ ló ni ín.

A wá agolo mílíìkì méjì, iyanrìn gbígbẹ sí ọ̀kan, tútù síkejì, kúlúsọ kọ̀ọ̀kan sínú wọn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ihò wà nínú ti gbígbẹ, ti tútù tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo rò pé ó parí síbẹ̀, ni ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá bá ní "Tó bá wá gbẹ ńkọ́?" Àwa tún dúró ọjọ́ méjì.

Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá wọlé, ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé "Tíṣà, ṣé a máa ṣe káwòó lónìí?" Ẹ ò rí i, èmi ni mo ń sọ fún wọn pé "ẹ jẹ́ ká ṣe é ká wò ó," wọ́n sì ti gé e kúrú, wọ́n sọ ọ́ di orúkọ. Èdè wa kì í kọ irú ẹ̀. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ṣé kì í ṣe odidi gbólóhùn ni? Ojúmìító náà ńkọ́? Èmi fara mọ́ káwòó ju gbogbo èyí tá a ti ń pòwe ẹ̀ látòní lọ. Wàhálà kan ló wà níbẹ̀, ẹ̀yin àgbà á ti gbọ́ ọ kí n tó sọ ọ́: Káwòó, Kábíyèsí! Bàbá ọmọ kan ti wá bi mí bóyá Ṣàngó ni mò ń kọ́ ọmọ òun. Mo ṣàlàyé, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ, ṣùgbọ́n gbogbo òbí kọ́ ló máa rẹ́rìn-ín, mi ò fẹ́ fi pamọ́ fún yín.

Ẹni tó ní ká dúró de kọmitíì àwọn onímọ̀ èdè kí wọ́n bá wa wá ọ̀rọ̀: ìwé èdè ìperí (àkójọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìmọ̀ ní Yorùbá) tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbóṣé onímọ̀ èdè ṣe olóòtú ẹ̀ ní 1984, èdè àti lítíréṣọ̀ ló dá lé, kò dé ọ̀dọ̀ kúlúsọ. Ẹni tó sì ní kí la ń yọ ara wa lẹ́nu sí, ìjọba tó ní ká fi èdè abínibí kọ́ni ní 2022 ti ní ká padà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 2025, mo gbọ́. Wọ́n ti dán irú ẹ̀ wò rí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé pírámárì kan ní Modákẹ́kẹ́ ní 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá onímọ̀ ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì kẹ́yìn, ìyẹn náà ò sọ ọ́ di òfin títí lọ. Èdè yòówù kí wọ́n fi tẹ ìwé, lábẹ́ òrùlé yẹn, pẹ̀lú iyanrìn lọ́wọ́, Yorùbá làwọn ọmọ mi fi ń bá ara wọn jà.

Ìbéèrè kan ló kù tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí. Agolo ti gbígbẹ yẹn, èyí tá ò yí nǹkan kan padà lára ẹ̀, tá a kàn ń wo ti kejì mọ́ ọn, kí la máa pè é? Àwọn ọmọ ń pè é ní "èyí tá ò fọwọ́ kàn", ó gùn, àmọ́ mi ò tíì rí èyí tó sàn jù.