Lion King ń bọ̀ ní Hippodrome Baltimore: ṣé kí n kó màmá mi àti àwọn ọmọ lọ?

Ìyá Mofẹ́, Owings Mills

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó.

Màmá mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n máa lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ilé ti sú wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà, ilé, ó parí. Mo wá rí i pé Lion King, eré olórin tí wọ́n ń ṣe ní Broadway, àdúgbò àwọn tíátà ńlá ní New York, ń bọ̀ wá sí tíátà Hippodrome tó wà ní Eutaw Street, àárín ìlú Baltimore. Mo fẹ́ kó màmá àti àwọn ọmọ mi méjèèjì lọ. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 9, àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún 4.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó gbè mí lẹ́yìn. Ọkọ mi ní kí ni mo fẹ́ lọ wò, ṣebí fíìmù rẹ̀ wà nílé, àwọn ọmọ ti wò ó títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n lórí. Àbúrò mi ọkùnrin ní tí mo bá tiẹ̀ máa náwó, kí n kúkú wọ bọ́ọ̀sì lọ sí New York, pé àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀ ni wọ́n ń kó kiri àwọn ìlú kéékèèké. Màmá mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Òyìnbó, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ti owó ló wá burú jù: ibì kan ń pe àga kan náà ní ìlọ́po mẹ́ta iye tí ibòmíràn pè é. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Adébáyọ̀, Randallstown

Owó ni kí n dáhùn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ. Tí ẹ bá tẹ orúkọ tíátà yẹn sí Google, àwọn tó máa ń yọ lókè pátápátá kì í sábà jẹ́ tíátà fúnra rẹ̀. Alárọ́bọ̀ ni wọ́n. Wọ́n á lẹ orúkọ Hippodrome mọ́ ojúlé wọn, wọ́n á fi àwòrán kìnnìún sí i, ẹni tó ń kánjú á rò pé òun ti débẹ̀. Ojúlé tíátà gan-an ni kí ẹ ti rà á, tàbí kí ẹ lọ sójú fèrèsé tí wọ́n ti ń tà á ní Eutaw Street.

Òfin náà wà lẹ́yìn yín. Láti oṣù Keje 2024, Maryland ti ka á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni máa ta tíkẹ́ẹ̀tì tí kò tíì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, alárọ́bọ̀ lè gbowó àga lọ́wọ́ yín lónìí, kó tó wá máa wá àga náà kiri. Láti oṣù Karùn-ún 2025 sì ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí gbogbo ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì eré sọ àpapọ̀ iye rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, yàtọ̀ sí owó orí. Ti pé kí wọ́n pe nǹkan ní 60 dọ́là kó di 95 nígbà tí ẹ bá fẹ́ fa káàdì yọ, ó ti dèèwọ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí i, ẹ sá.

Ọjọ́ tí ẹ bá mú náà ṣe pàtàkì. Alẹ́ Tuesday àti Wednesday sábà máa ń rọ̀ ju Sátidé lọ dáadáa. Bí àga bá ṣe ń tán ni owó ń gòkè, nítorí náà ẹ má fi í falẹ̀.

Títílọlá, Columbia

Ẹ sọ fún àbúrò yín pé Minneapolis ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eré yìí, ní tíátà Orpheum, lóṣù Keje 1997. Oṣù Kọkànlá ló tó wọ New York. Ìlú tí wọ́n ń fojú kéré yẹn ló kọ́kọ́ rí i.

Ti àwọn òṣèré, ó ní ibi tí ọ̀rọ̀ àbúrò yín ti jọ òótọ́. Oríṣi méjì ni eré tó ń rìnrìn àjò. Ọ̀kan ń lo ọmọ ẹgbẹ́ Actors' Equity, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìtàgé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1913, owó tí ẹgbẹ́ bá sì fọwọ́ sí ni wọ́n ń san fún wọn. Èkejì kì í lo ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, ẹrù wọn kì í wúwo, wọ́n lè ṣe é lálẹ́ ọjọ́ méjì kí wọ́n dì í sọ́kọ̀. Ìyẹn náà kì í ṣe ìdọ̀tí o. Mo ti rí èyí tó dùn ju ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n Lion King kò sí lára wọn, ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń lò.

Ibi tí New York ti yàtọ̀ ni àpáta ńlá tí ọba kìnnìún ń dúró lé. Níbẹ̀, láti abẹ́ ilẹ̀ ìtàgé ló ti ń yọ, á máa yí bọ̀ lókè. Ẹ ò lè máa gbẹ́ ilẹ̀ tíátà onítíátà kiri Amẹ́ríkà, nítorí náà ti ìrìn àjò máa ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Mi ò rò pé ọmọ ọdún 9 máa tìtorí ẹ̀ bínú.

Ní ti ọkọ yín àti fíìmù ilé, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan. Julie Taymor tó darí eré náà ló ya aṣọ ibẹ̀, òun àti Michael Curry ni wọ́n jọ ṣe ìbòjú àti ẹranko. Ó gba Tony, àmì ẹ̀yẹ ńlá fún eré Broadway, ní 1998, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gbà á fún dídarí eré olórin. Kò bo ojú òṣèré rárá. Orí ni ìbòjú wà, bí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ojú èèyàn sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gbangba. Bí Scar, àbúrò ọba kìnnìún tó jẹ́ ọ̀dájú, bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó fẹ́ bú ẹnìkan, ìbòjú yẹn á sọ̀ kalẹ̀ wá síwájú ojú rẹ̀, bó bá nàró, á padà sókè. Àgùnfọn jẹ́ èèyàn kan tó so igi mọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀, tó ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn. Ẹ lè rí ẹni náà, ẹ lè rí okùn, ẹ ó sì ṣì máa wò ó bí àgùnfọn. Fíìmù kò lè ṣe ìyẹn.

Bàbá Olùkọ́, Catonsville

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Láti ìgbà wo ni ọmọ Yorùbá ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú òṣèré tó ń rìn láti ìlú dé ìlú? Alárìnjó ni wá. Láti 1945 ni Hubert Ogunde ti ń kó ẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, àwọn ìyàwó, ìlù àti aṣọ nínú ọkọ̀. Dúró Ládipọ̀ ṣe Ọba Kò So ní Òṣogbo ní 1963, nígbà tó fi di 1964 ó ti gbé e dé Berlin. Ẹ bi màmá yín léèrè, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì gbọ̀ngàn ìlú wo irú eré yìí kí wọ́n tó bí yín.

Èmi náà rántí pé nígbà tí wọ́n gbé eré Fela! kúrò ní Broadway, Èkó ni wọ́n gbé e lọ lóṣù Kẹrin 2011, ní Eko Hotel. Ṣé ẹni tó wò ó ní Èkó wo àjẹkù ni?

Ìyá Mofẹ́, Owings Mills

Bàbá, ẹ ṣeun, sà. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní Kọ́lá Ògúnmọ́lá ni àwọn máa ń wò nígbà tí àwọn wà nílé ìwé, pé ilé yóò kún débi pé àwọn ọmọdé á jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá onílù. Wọ́n ti wá ń bi mí ìgbà tí a máa lọ. Ẹ wo irú gbèsè tí ẹ kó mi sí!

Ó wá ku èdè àti orúnkún.

Títílọlá, Columbia

Èdè kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Èdè Isulu (Zulu) ti South Africa ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orin tó ṣí eré náà. Lebo M, ọmọ Soweto, ló kó ọ̀pọ̀ nínú orin èdè Áfíríkà ibẹ̀ jọ, Isulu, Xhosa, Sotho, Tswana àti Swahili wà ńbẹ̀. Òyìnbó tó bá jókòó tì màmá kò ní gbọ́ ọ náà.

Ìyá Ìbejì, Pikesville

Ẹ̀yin ẹ ń sọ ìtàn, kò sẹ́ni tó sọ ibi tí wọ́n máa jókòó sí! Ìyá Mofẹ́, àga etí ọ̀nà ni kí ẹ rà, nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ń pè ní orchestra. Nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀, àárín èrò ni àwọn ẹranko ń gbà kọjá lọ sórí ìtàgé, erin wà lára wọn, ẹyẹ náà. Aṣọ wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan yín léjìká. Ẹni tó wà láàárín ìlà àga kan ń na ọrùn ni. Ẹ fi màmá sí etí ọ̀nà gan-an, ó tún máa jẹ́ kí wọ́n rí àyè na ẹsẹ̀. Ẹ wo ọ̀tún àti òsì ìtàgé pẹ̀lú, àwọn onílù méjì máa ń wà lókè níbẹ̀, ẹ ó máa rí ọwọ́ wọn.

Ẹ tètè dé o, ẹ jọ̀ọ́. Nítorí àwọn ẹranko tó ń gba àárín èrò yẹn, wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó pẹ́ wọlé títí ibẹ̀ yẹn á fi kọjá. Ẹ ó kàn máa gbọ́ orin náà látẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Eré aago méjì, kí ẹ ti wà níbẹ̀ ní aago kan ààbọ̀. Kì í ṣe òde ìgbéyàwó.

Ohun tó tún kù: kí màmá má wé gèlè tó ga. Mo mọ̀ pé wọ́n máa fẹ́ múra. Kí wọ́n wọ ìró àti bùbá tó bá wù wọ́n, kí wọ́n sì wé gèlè pẹlẹbẹ tàbí kí wọ́n dé fìlà, torí ẹni tó wà lẹ́yìn wọn náà sanwó. Kí wọ́n mú ìborùn dání, ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ kò mọ àgbà.

Dúpẹ́, Baltimore

Mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ afinijókòó ní tíátà kan rí, kì í ṣe eléyìí, ṣùgbọ́n bákan náà ni gbogbo wọn. Ẹ pe fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù ṣáájú kí ẹ tó ra àga èyíkéyìí, ẹ sọ fún wọn pé àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn ni. Wọ́n ní àga tí kò ní àtẹ̀gùn, wọ́n kàn kì í sọ ọ́ tí ẹ kò bá béèrè. Ẹ má jẹ́ kí owó pọ́ọ́kú gbé màmá lọ sókè. Ọdún 1914 ni wọ́n kọ́ Hippodrome yẹn, ọ̀gbẹ́ni Thomas Lamb ló yàwòrán rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 2004. Ó gba èèyàn tó nǹkan bíi 2,300. Ilé ìgbà yẹn, àtẹ̀gùn ni wọ́n fi gbé e dúró.

Ti ọmọ ọdún 4: wọn kì í gba ọmọ tí kò tíì pé 3 wọlé rárá. Àwọn tó ni eré fúnra wọn ní láti ọdún 6 sókè ló dáa jù. Eré náà tó wákàtí méjì ààbọ̀, ìsinmi kan ló wà láàárín. Ibi tí bàbá kìnnìún ti kú ń bọ̀ kí ìsinmi tó dé, àwọn ìkookò ibẹ̀ sì ń dẹ́rù ba àgbà. Ọmọ tó bá wọlé gbọ́dọ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, bí ẹ bá tiẹ̀ gbé e sórí itan.

Ìyá Ìbejì, Pikesville

Àwọn ìbejì mi wò ó ní ọdún 4, wọn ò mira. Ọmọ sí ọmọ ni.

Adébáyọ̀, Randallstown

Ti mi ò lè jókòó jẹun tán. Kí bàbá rẹ̀ tó ní fíìmù wà nílé dúró tì í nílé, kí wọ́n jọ wo fíìmù náà.

Ìyá Mofẹ́, Owings Mills

Ẹ mà pa mí lẹ́rìn-ín! Mo ti pinnu. Ẹ̀gbọ́n, màmá àti èmi la máa lọ, àbúrò á dúró ti bàbá rẹ̀ títí ọdún mìíràn. Mo pe fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, ọmọbìnrin tó gbé fóònù fara balẹ̀ gan-an, ó bá mi wá àga mẹ́ta nísàlẹ̀, ọ̀kan wà létí ọ̀nà. Eré ọ̀sán Sátidé ni mo mú, torí ti Sunday máa kọlu ìsìn. Mo ń ronú àtiwọ ọkọ̀ ojú irin láti Owings Mills níhìn-ín dé Lexington Market.

Dúpẹ́, Baltimore

Ọkọ̀ ojú irin dáa, ṣùgbọ́n láti Lexington Market ẹ ṣì máa fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ lórí Eutaw Street. Tí orúnkún màmá bá le lọ́jọ́ yẹn, kí bàbá Mofẹ́ já yín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹ sì wo kàlẹ́ńdà Orioles, ẹgbẹ́ baseball ìlú Baltimore. Eutaw Street yìí kan náà ló lọ sí pápá ìṣeré wọn ní Camden Yards, bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù wọn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ ò ní rí ibi páàkì ọkọ̀ sí, owó rẹ̀ á sì ti gun òkè.

Kúnlé, Towson

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti gbọ́ ti Lion King. Ti eré olórin Hamilton ńkọ́, ṣé ó ṣì ń wá sí agbègbè wa? Mi ò lówó olówó o.

Adébáyọ̀, Randallstown

Kúnlé, tó bá dé, wá lọ́tìrì wọn. Nínú ìrìn àjò wọn, wọ́n ti máa ń ta àga díẹ̀ ní 10 dọ́là fún ẹni tó bá jẹ lọ́tìrì, torí ojú Alexander Hamilton, ẹni tí eré náà dá lé, ló wà lára owó 10 dọ́là. Ṣùgbọ́n dá ìbéèrè tìrẹ sílẹ̀ lọ́tọ̀, Ìyá Mofẹ́ ṣì ń wá ibi páàkì.