Áńtíbọ́dì tí à ń fà símú kì í pẹ́ nínú ọ̀nà èémí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ apòògùn ni mí nílùú Gẹ̀ẹ́sì, ọdún kejì mi sì nìyí lẹ́nu ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé. Ikọ́ fée ni iṣẹ́ mi dá lé. Áńtíbọ́dì, ìyẹn purotéènì tí ara fi ń gbógun ti àrùn, ni oògùn wa. Apá tí ó fi ń di nǹkan mú nìkan la gé lò, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kilodalton 50 (òṣùwọ̀n ìwúwo fún ohun tíntìntín bẹ́ẹ̀), nígbà tí odindi rẹ̀ ń lọ sí 150. A wá ń sọ ọ́ di ìkùukùu kí ó lè gba imú wọlé tààrà, nítorí pé bín-ín-tín nínú ohun tí a bá fi abẹ́rẹ́ gún sára ló ń dé ojú ọ̀nà èémí. Ìṣòro mi ni pé kì í dúró. Bí a bá fọ ẹ̀dọ̀fóró eku ní wákàtí 2 lẹ́yìn tó fà á símú, a máa ń rí oògùn náà nínú omi tí a fi fọ̀ ọ́. Nígbà tó bá fi máa di wákàtí 24, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ̀gá mi ní kí n so ó mọ́ ohun tí yóò mú un lẹ̀ mọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Èmi ń ro PEG ní tèmi, ìyẹn polyethylene glycol, ẹ̀wọ̀n kẹ́míkà gígùn tí wọ́n máa ń so mọ́ oògùn kí ó lè pẹ́ lára. Owó tó kù lọ́wọ́ wa kò gbé méjèèjì, èwo ni kí n mú?

Apòògùn Àgbà fèsì:
Àbúrò mi, ta ló ń gbé oògùn rẹ lọ? Ìdáhùn yẹn ló yẹ kí o kọ́kọ́ wá. Nínú àwọn ọ̀nà èémí ńlá, irun tíntìntín kan wà tó ń jù síwá sẹ́yìn bí ìgbà 10 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn ló ń ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun, tí a sì ń gbé e mì láìfura. Bí o bá so oògùn mọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ṣe lo so ọkọ̀ mọ́ igi tí odò ń gbé lọ. Nísàlẹ̀ pátápátá, nínú àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké, kò sí irun bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ohun àjèjì mì wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà sì súnmọ́ tòsí. Ká ní fáírọ́ọ̀sì lò ń bá jà ni, ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ ìbá tọ̀nà, torí pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yóò há fáírọ́ọ̀sì mọ́, yóò sì gbé e jáde. Ikọ́ fée kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Láàbù fèsì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n ó fi díẹ̀ lé e. Ní yunifásítì Louvain ní Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n so PEG ńlá, kilodalton 40, mọ́ irú gígé áńtíbọ́dì bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2014: ó pẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró eku ju wákàtí 48 lọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé nǹkan mì kì í tètè gbé e, àti pé òun gan-an ń lẹ̀ mọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, lílẹ̀ mọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kì í ṣe òfò pátápátá. PEG ni èmi ìbá mú, ṣùgbọ́n mọ̀ pé ó lè dín agbára tí áńtíbọ́dì fi ń di nǹkan mú kù, pé ara kì í fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, àti pé aláìsàn ikọ́ fée yóò máa lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí eku gbà lẹ́ẹ̀kan kò sọ ibi tí yóò máa kóra jọ sí.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì fèsì:
Ọmọ mi, irú nẹbuláísà wo, ẹ̀rọ tó ń sọ oògùn di ìkùukùu, lò ń lò? Nígbà tó bá ṣiṣẹ́ tán, ṣé o máa ń wo ohun tó kù nínú kọ́ọ̀bù rẹ̀? Salbutamol, oògùn ikọ́ fée tí a lò ní wọ́ọ̀dù, máa ń fara da ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ líle fọ́n omi, èyí tí omi kan náà ń padà sínú rẹ̀ tí ó sì ń tún un fọ́n léraléra. Purotéènì kì í fara dà á bẹ́ẹ̀. Bí o bá rí ìfófó tàbí tí omi náà kò mọ́ gaara mọ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣùpọ̀ kó tó dé imú eku. Ẹ̀rọ aláwọ̀n tó ń gbọ̀n rọ̀ ọ́ lára jù, polysorbate díẹ̀, kẹ́míkà bí ọṣẹ tí kì í jẹ́ kí purotéènì ṣùpọ̀, sì máa ń ṣèrànwọ́. Bákan náà, ìkán omi tó bá tóbi ju máíkírómítà 5 lọ (ẹgbẹ̀rún máíkírómítà ló wà nínú mílímítà kan), inú ọ̀fun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń parí sí.

Olùbéèrè padà wá:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mà á, mo lọ wo kọ́ọ̀bù náà lówùúrọ̀ yìí. Ìfófó funfun fẹ́ẹ́rẹ́ kan yí etí rẹ̀ ká, mo sì ti ń nù ún dànù láti bí oṣù mẹ́ta láìbi ara mi léèrè ohun tó jẹ́. Afẹ́fẹ́ líle ni ẹ̀rọ wa ń lò. Mo ti bẹ ọ̀gá mi pé kí a yá ẹ̀rọ aláwọ̀n kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì fẹ́ wo inú ikùn àwọn eku náà pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró wọn, kí n lè mọ ìwọ̀n tí wọ́n ń gbé mì. Ọ̀rọ̀ PEG yóò dúró títí èsì yẹn yóò fi jáde. Ẹ̀gbọ́n Apòògùn, bí ó bá wá jẹ́ pé inú ikùn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà, ṣé irun tíntìntín yẹn ni kí n dẹ́bi fún, àbí ìkán omi wa ló tóbi jù?

Apòògùn Àgbà fèsì:
Wọn ìkán omi kọ́kọ́. Bí ó bá wà láàárín máíkírómítà 1 sí 5, tí ikùn ṣì kún fún oògùn ní wákàtí 2, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ irun yẹn.