Yàrá èmi àti ọkọ mi: báwo la ṣe lè kùn ún ní àwọ̀ tó ṣókùnkùn láìjẹ́ kó há mọ́ wa?

Olùbéèrè:
Ẹ̀yin ará mi, mo kí gbogbo yín o. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Yàrá tí èmi àti ọkọ mi ń sùn kò ní ẹwà kankan láti ìgbà tí a ti kó wọlé: ògiri funfun, àjà funfun, gílóòbù kan ṣoṣo láàrin àjà tó ń tàn yòò bíi ti ọ́fíìsì. A ti fẹnu kò pé a máa tún un ṣe. Ọ̀ṣọ́ boho (èyí tó ń lo ohun àdáyébá àti iṣẹ́ ọwọ́) tó ṣókùnkùn díẹ̀ ló wà lọ́kàn mi: ògiri àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀, igi, pankẹ́rẹ́, idẹ tí kò dán jù, aṣọ híhun lára ògiri, àti ewéko nínú ìkòkò.

Ọkọ mi kò kọ̀, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù pé yàrá náà yóò kéré sí i lójú. Mítà 3.5 ní ìbú àti mítà 4 ní gígùn ni, fèrèsé kan ló sì ní. Ó tún ń bẹ̀rù pé ẹrù yóò pọ̀ jù, torí ẹni tó fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kedere ni. A ò lè ra gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣe? Ṣé ògiri ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì nìkan ni ká kùn ni, àbí gbogbo rẹ̀?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kùn ti ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì nìkan, àbúrò mi. Bí kò bá wu ọkọ yín, ògiri kan lẹ máa tún kùn. Ẹ má fi dandan mú un.

Akunlé:
Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, èmi ò fara mọ́ ìyẹn. Nínú yàrá tí kò tóbi, ibi tí dúdú ti pàdé funfun ni ojú máa ń lọ tààrà, gbogbo igun á sì yọ síta. Ṣùgbọ́n bí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ àwọ̀ kan náà, tí férémù ilẹ̀kùn àti ti fèrèsé sì bá a mu, ojú kì í tètè mọ ibi tí ògiri parí sí. Ìyẹn ló ń mú kí yàrá kékeré jinlẹ̀ lójú. Tí àjà bá ga, ẹ lè kùn ún ní àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ju ti ògiri lọ.

Ẹ má ra ọ̀dà púpọ̀ kí ẹ tó dán an wò. Ẹ kun pákó pẹlẹbẹ kan tó tó sẹ̀ǹtímítà 60 ní gígùn àti ní ìbú, kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ wá máa gbé e kiri ògiri láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Àwọ̀ ewé tó wù yín lọ́sàn-án lè di dúdú pátápátá lálẹ́. Ọ̀dà tí kì í dán ni kí ẹ lò, torí èyí tó ń dán máa ń jẹ́ kí gbogbo gọngọ ara ògiri hàn. Kí ó sáà jẹ́ irú èyí tí a lè fi omi nù, torí ipa ọwọ́ máa ń hàn lára àwọ̀ tó ṣókùnkùn. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ eléérú ni kí ẹ fi sábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe funfun, kí àwọ̀ náà lè tètè bo ògiri. Bí omi bá sì ń jò wọ ògiri níbì kankan, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ibi tí ọ̀dà bá ti ṣí á hàn gedegbe.

Oníná:
Ní tèmi o, iná ló yẹ kó ṣáájú ọ̀dà. Ìyàwó wa, ohun tí ọkọ yín ń bẹ̀rù gan-an nìyí. Ògiri funfun máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí yàrá, ògiri tó ṣókùnkùn sì máa ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì. Bí ẹ bá fi gílóòbù kan ṣoṣo yẹn sílẹ̀, orí yín ni yóò máa tàn sí, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì ṣókùnkùn. Ẹ pín ìmọ́lẹ̀ ká: àtùpà kan ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́tùn-ún, òmíràn lósì, kí ìkẹta sì wà nílẹ̀ ní igun tó jìnnà sí fèrèsé. Kí ìsàlẹ̀ ìbòrí àtùpà ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wà ní déédéé àgbọ̀n yín nígbà tí ẹ bá jókòó lórí ibùsùn, kí iná má baà gún yín lójú. Kí olúkúlùkù ní súwíìṣì tirẹ̀, torí ẹnì kan lè fẹ́ kàwé nígbà tí ẹnì kejì fẹ́ sùn.

Ẹ wo ara páálí gílóòbù kí ẹ tó rà á. Nọ́ńbà tó ní K lẹ́yìn ló ń sọ irú àwọ̀ tí iná náà ní. 2700K ni kí ẹ mú, òun ló ń tàn pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè bí iná àtùpà. Èyí tí wọ́n kọ 6500K sí máa ń funfun tó fẹ́ dà bíi búlúù, á sì sọ àwọ̀ ewé yín di òkú. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n kọ CRI 90 sí (CRI ni òṣùwọ̀n bí iná ṣe ń fi àwọ̀ nǹkan hàn bó ṣe rí, 100 ló ga jù), ẹ mú un, torí àwọ̀ igi àti ti aṣọ á hàn dáadáa bó ṣe rí lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ súwíìṣì tó ń dín iná kù, kí gílóòbù LED náà jẹ́ irú tó bá a mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa ṣẹ́jú. Àbẹ́là tí a tàn kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ kọ́tìnì tàbí aṣọ híhun o!

Aránṣọ:
Fèrèsé kan ni ẹ ní, ẹ má jẹ́ kí kọ́tìnì gba ìdajì rẹ̀. Ẹ gbé ọ̀pá kọ́tìnì ga ju férémù lọ ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí ó sì yọ kọjá rẹ̀ ní 25 lọ́tùn-ún lósì. Nígbà náà, bí ẹ bá ká kọ́tìnì, ara ògiri ló máa wà. Ìrísí aṣọ ni kí ẹ fi ṣe ọ̀ṣọ́ ju àwọ̀ lọ: ọ̀gbọ̀ tó rún díẹ̀, àrán fún ìrọ̀rí méjì péré, aṣọ òwú híhun tó nípọn ní apá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Rọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ yọ síta lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50. Bí owó èyí tó tóbi kò bá sí, tóóró méjì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó.

Baálé Ilé:
Mo mọ ohun tí ọkọ yín ń sọ. Ẹ bá a ṣe àdéhùn pé ilẹ̀ á ṣófo: ohun ọ̀ṣọ́ á wà lára ògiri, ẹrù á wọ inú dúrọ́ọ̀ tó ń tì. Kí òun náà sì yan ohun kan tó wù ú gan-an. Yàrá ẹni méjì ni, kò yẹ kó dà bíi pé àlejò ni níbẹ̀.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Èmi àtọkọ mi jọ ka gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iná, kí a sì kun pákó méjì, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró, òun ni yóò mú èyí tó bá wù ú. Àga pankẹ́rẹ́ lòun yàn. Wọ́ọ̀dùróòbù funfun ńlá kan ló kù tí ń dà mí láàmú, a ò lè ra òmíràn.

Akunlé:
Ẹ kùn ún ní àwọ̀ ògiri, á fara sin. Bí ojú rẹ̀ bá ń dán bíi ike, ẹ fi sáńpépà tó kúnná ha á, ẹ nù ún, kí ẹ wá fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ojú dídán sí i kí ẹ tó kùn ún. Ẹ jẹ́ kí ó le fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó máa ṣí i tì í, kí ẹ sì pààrọ̀ ọwọ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀ sí idẹ.