Opó inú ìwé Mariama Bâ: ṣé àhámọ́ ni yàrá yẹn àbí òmìnira?

Àdùkẹ́_Ńkàwé:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ìwé Mariama Bâ kà ni, So Long a Letter, èyí tó kọ lédè Faransé ní 1979 tó sì gba Noma, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ìwé ilẹ̀ Áfíríkà nígbà náà, ní 1980, nǹkan kan wá ń jẹ mí lọ́kàn. Ramatoulaye wà nínú ilé ní Senegal, ọkọ ẹ̀ ti kú, ó ń ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, ibẹ̀ ló jókòó sí tó ń kọ̀wé sí Aissatou ọ̀rẹ́ ẹ̀. Gbogbo àwa tá a jọ ń kà á, wọ́n ní ògiri yẹn ni ẹ̀wọ̀n, pé òun ló dúró fún gbogbo ohun tí wọ́n fi ń de obìnrin Mùsùlùmí mọ́lẹ̀. Èmi ò gbà. Obìnrin náà fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ pé ògiri ọ̀hún ò dí òun lọ́wọ́, pé ìrántí tí òun á máa jẹ ní àpọ̀jẹ pọ̀ nínú òun. Tèmi ni pé ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu gan-an ni wọ́n dè é, ìyẹn ìgbà tí Modou ọkọ ẹ̀ lọ fẹ́ Binetou ọ̀rẹ́ ọmọ ẹ̀, tó pa òun àti ọmọ méjìlá tì. Ó lè jáde nígbà yẹn, ó tiẹ̀ ń dá lọ wo sinimá, àwọn èèyàn á wá máa wò ó bí ẹni tó jí nǹkan. Àbí mò ń ro àròjù ni?

Alfa_Kékeré:
Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ ò ro àròjù rárá. Ó máa ń bí mi nínú tí wọ́n bá ń ka opó bí ìgbà tí adájọ́ rán èèyàn lẹ́wọ̀n, torí opó lè jáde lọ́sàn-án tó bá ní bùkátà, àwọn onímọ̀ ti sọ ọ́ tipẹ́. Àmọ́ gbogbo wa la mọ ẹsẹ 234 nínú Suratul Baqarah nínú Kùránì, èyí tó sọ iye ọjọ́ opó, 235 tó tẹ̀ lé e lẹ̀ ń fò! Ibẹ̀ ló ti ní ọkùnrin lè fọgbọ́n fi hàn opó pé ọkàn òun wà lọ́dọ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ so yìgì títí àkókò fi pé. Ẹ wá wo Tamsir, ẹ̀gbọ́n olóògbé. Ọjọ́ ogójì lásán, òun àti ìmáàmù àti Mawdo ọ̀rẹ́ olóògbé, ó ti fẹ́ ṣú u lópó, kò fọgbọ́n kankan sí i, ó ní tó bá ti jáde opó òun ló ń fẹ́. Ta ló wá fo ògiri níbẹ̀? Ibẹ̀ náà ni Ramatoulaye ti bú jáde, ó ní ọgbọ̀n ọdún ni òun ti fi dákẹ́. Inú yàrá opó ni ohùn ẹ̀ ti là o, kì í ṣe níta.

SàláwùDK:
Ẹ má gbàgbé Rokeya Sakhawat Hossain ti Bengal, 1905 ni ìtàn ẹ̀, Sultana's Dream, jáde nínú ìwé ìròyìn kan ní Madras ní Íńdíà. Òun ò tiẹ̀ wó ògiri, ẹni tó wà nínú ẹ̀ ló pààrọ̀: ọkùnrin ni wọ́n tì mọ́lé tó ń dáná tó ń gbé ọmọ, àwọn obìnrin ń fi oòrùn se oúnjẹ, ọkọ̀ wọn ń fò lójú ọ̀run. Ọkọ ẹ̀ kà á lórí ìdúró, ó ní ẹ̀san burúkú rèé 😂

Mọnsúrá_Àjọkẹ́:
Sàláwù ò ní pa mí. Ó dáa, èmi ń lọ sí Morocco. Fatima Mernissi, Fez ni wọ́n bí i sí ní 1940, ìwé tó kọ nípa ìgbà èwe níbẹ̀ ni Dreams of Trespass, ó jáde ní 1994. Agbo ilé ńlá, géètì kan, aṣọ́nà lẹ́nu ẹ̀. Rédíò wà, àwọn ọkùnrin ló ń tì í pa, àwọn obìnrin lọ gé kọ́kọ́rọ́ tiwọn ní bòókẹ́lẹ́, tí ọkùnrin bá ti jáde báyìí wọ́n á ṣí i wọ́n á máa jó. Àwọn ọmọdé ló tú àṣírí, wọ́n bi wọ́n pé kí lẹ ṣe lónìí, wọ́n ní àwọn gbọ́ rédíò Cairo, ha! Bàbá Fatima wá ń kùn pé tí wọ́n bá ti lè gé kọ́kọ́rọ́ rédíò, ti géètì ló kù. Bẹ́ẹ̀ oko tí ìyá ìyá ẹ̀ ń gbé kò ní ògiri kankan, wọ́n ń gẹṣin, ilé ẹlẹ́hàá náà ṣì ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe bíríkì là ń wò nínú ìwé wọ̀nyí, kọ́kọ́rọ́ ni.

Ìyá_Ìbejì:
Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi ò kàwé tó yín, àmọ́ mo ti ṣe opó rí. Ohun tí ẹnì kankan ò sọ ni pé nínú opó èèyàn kì í ráyè dá wà. Èrò! Àwọn àna, ará àdúgbò, ẹni tí mi ò fojú kàn láti ayébáyé, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀, mo tún un sọ títí ẹnu fi wó mi. Ìgbà tí wọ́n túká ni mo ti ilẹ̀kùn látinú, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún tó tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà tí ọmọ mi ka ìwé yẹn fún mi, tó dé ibi tí òun àti orogún ẹ̀ jọ jókòó pa pọ̀, tí ìdílé ọkọ kó owó tí wọ́n fi kí wọn lọ, tí ilé di ẹlẹ́gbin, mo ní obìnrin yìí mọ ohun tó ń sọ. Lọ́wọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà, tèmi náà nìyẹn.

Àdùkẹ́_Ńkàwé:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú mà, Ọlọ́run á kẹ́ bàbá. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀yin àti Mọnsúrá sọ ló rán mi létí Fiat 125 yẹn. Aissatou tó kọ ọkọ sílẹ̀ tó lọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ló ra mọ́tò fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ nígbà tó gbọ́ ìyà tí bọ́ọ̀sì fi ń jẹ ẹ́, Ramatoulaye fẹ̀rù-fẹ̀rù kọ́ ọ, ó gba láìsẹ́ńsì. Modou ò sì gbà láé pé obìnrin ẹgbẹ́ ẹ̀ ló rà á fún un, lójú tiẹ̀, ọmọ alágbẹ̀dẹ wúrà bíi ti Aissatou ò lè láàánú tó bẹ́ẹ̀.